Títọpasẹ̀ Ìdílé Harriet Tubman

"Ọmọ ta ni ọ́?" Kò sí ìbéèrè tí ó rọrùn láti bi ènìyàn tó èyí, nítorí ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí kan náà ni ó ṣòro jù lọ láti dáhùn fún ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn tí a bí sí oko ẹrú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí òfin tó fi òpin sí ẹrú níní ní gbogbo ilẹ̀ náà ní ọdún 1865. Kì í ṣe pé wọn kò ní baba tàbí ìyá. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé ẹni tí ó bí wọn. Ohun tí ó fà á ni pé òfin ìgbà náà ka ẹrú sí ẹrù. A kì í sì í bi ẹrù léèrè ìdílé rẹ̀. Iye owó rẹ̀ àti orúkọ ẹni tí ó ni ín ni à ń kọ sínú ìwé.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ní sùúrù lè tọpasẹ̀ irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Nínú àròkọ yìí, a ó fi ìdílé obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a lè rí ọ̀nà tí àwọn òpìtàn ń gbà ṣe iṣẹ́ náà, kí a sì rí ohun tí iṣẹ́ náà lè jẹ́ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Obìnrin náà ni Harriet Tubman.

Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ nípa rẹ̀ rí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹrú ni wọ́n bí i ní àgbègbè Dorchester, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ní ọdún 1849 ó sá kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, ó sì dé Philadelphia níbi tí kò sí ẹrú. Ṣùgbọ́n kò jókòó kí ó máa jẹ adùn òmìnira náà ní òun nìkan. Láàárín ọdún 1850 sí 1860, ó padà sí Maryland ní nǹkan bí ìgbà 13, ó sì kó àwọn ènìyàn bí 70 jáde. Òru ni ó fi ń kó wọn rìn, láti ilé aláàánú kan dé òmíràn. Ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ yìí ni a ń pè ní Underground Railroad, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin rárá. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ó ṣe olùtọ́jú aláìsàn àti amí fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1863, ó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n gba ojú odò Combahee wọ South Carolina, níbi tí ẹrú tí ó ju 700 lọ ti bọ́ lóko ẹrú. Ó kú ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 1913, ní ìlú Auburn, ní ìpínlẹ̀ New York. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò mọ̀wé kà, kò sì mọ̀wé kọ.

Ohun kìn-ín-ní tí ó máa ń dí olùwádìí lọ́nà ni orúkọ. Orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ obìnrin yìí kì í ṣe èyí tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Araminta Ross ni orúkọ rẹ̀ ní kékeré, Minty ni wọ́n sì ń pè é nílé. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni ó mú nígbà tí ó fi di Harriet. Orúkọ ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, John Tubman, ọkùnrin dúdú tí kì í ṣe ẹrú, ni ó fi di Tubman. Ní nǹkan bí ọdún 1844 ni wọ́n fẹ́ ara wọn. Ní 1869, ó fẹ́ ọmọ ogun kan tí ń jẹ́ Nelson Davis, ìdí nìyí tí a fi kọ Harriet Tubman Davis sí ara òkúta ibojì rẹ̀. Ti àwọn arákùnrin rẹ̀ tún lọ́jú ju èyí lọ. Nígbà tí wọ́n bọ́ lóko ẹrú, wọ́n pa orúkọ Ross tì, wọ́n sì ń jẹ́ Stewart. Robert di John Stewart, Ben di James Stewart, Henry sì di William Henry Stewart. Ẹni tí ń sá fún ẹni tí ń lépa rẹ̀ kì í pariwo orúkọ ara rẹ̀ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá ọmọ Ross kiri nínú ìwé ilẹ̀ Kánádà, níbi tí wọ́n sá lọ, yóò wá a tì.

Ìdènà kejì ni ìwé ìkànìyàn. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni ìjọba ń ka ènìyàn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìkànìyàn ti 1850 àti ti 1860, a kò kọ orúkọ ẹrú sílẹ̀. Orúkọ olówó rẹ̀ ni a kọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni a wá to iye àwọn ẹrú rẹ̀ sí, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni wọ́n, àti bí àwọ̀ ara wọn ti rí. Ìwé ìkànìyàn ti 1870 ni àkọ́kọ́ tí ó kọ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú tẹ́lẹ̀. Láti ibí yìí ni a ti rí òfin kìn-ín-ní fún iṣẹ́ náà: ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹrú, kí ó kọ́kọ́ wá olówó rẹ̀. Ìwé tí olówó kọ láti fi ṣọ́ ohun ìní rẹ̀ ni ó pa ìtàn ẹrú mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe nítorí ẹrú ni ó ṣe kọ ọ́.

Kí a tún fi sọ́kàn pé òfin ilẹ̀ náà kò jọ àṣà tiwa. Àwa ń fi ilé baba mọ ọmọ, ṣùgbọ́n ní oko ẹrú Amẹ́ríkà, ipò ìyá ni ọmọ ń tẹ̀ lé. Bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú ni ọmọ, olówó ìyá ni ó sì ni ín, ẹni yòówù tí baba ìbáà jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìyá Harriet kí a tó lè dé ìdí ìtàn yìí.

Orúkọ ìyá náà ni Harriet Green, tí wọ́n ń pè ní Rit. Ìyá tirẹ̀, èyí tí í ṣe ìyá-ìyá Harriet Tubman, ni Modesty, ẹni tí a fi ọkọ̀ ẹrú kó wá láti Áfíríkà. Rit wà nínú àwọn ẹrú àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Atthow Pattison. Ní ọdún 1791, Pattison ṣe ìwé ìpíngún rẹ̀. Nínú ìwé náà ni ó ti fi Rit fún Mary, ọmọ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi gbèdéke sí i: Rit àti ọmọ yòówù tí ó bá bí yóò sìn títí wọn yóò fi di ẹni ọdún 45. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbàgbé gbèdéke yìí, nítorí a ó tún padà bá a.

Mary fẹ́ Joseph Brodess ní ọdún 1800, ó sì bí ọmọkùnrin kan fún un, Edward. Kò pẹ́ tí Joseph fi kú, Mary sì tún fẹ́ Anthony Thompson ní 1803. Thompson yìí ní ẹrú kan tí ń jẹ́ Ben Ross, ọkùnrin tí ó mọ iṣẹ́ igi gẹdú dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi í ṣe alábòójútó àwọn tí ń gé e. Bí àwọn olówó wọn ti fẹ́ ara wọn ni ẹrú méjèèjì ṣe pàdé. Ní nǹkan bí ọdún 1808 ni Ben àti Rit di tọkọtaya, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́sàn-án: Linah, Mariah Ritty, Soph, Robert, Minty, Ben, Rachel, Henry àti Moses. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ náà ni ó tún yà wọ́n. Nígbà tí Edward Brodess dàgbà tó láti gba ogún rẹ̀, ó kó Rit àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí oko tirẹ̀ ní Bucktown. Ben sì kù sẹ́yìn lọ́dọ̀ Thompson.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo bí a ṣe mọ ọdún tí wọ́n bí Harriet, nítorí níhìn-ín ni ọgbọ́n olùwádìí ti hàn. Òkúta ibojì rẹ̀ sọ pé nǹkan bí ọdún 1820 ni. Ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀ sọ pé 1815 ni. Nínú àwọn ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fi béèrè owó tí ìjọba ń san fún opó ọmọ ogun, a rí 1825 pẹ̀lú. Èwo ni kí a gbà gbọ́? Àwọn òpìtàn kò kàn yan èyí tí ó wù wọ́n. Wọ́n wá ìwé tí a kọ ní ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Wọ́n rí i nínú ìṣirò owó tí Anthony Thompson ṣe fún ohun ìní ọmọ ìyàwó rẹ̀ pé, ní oṣù kẹta ọdún 1822, a san dọ́là méjì fún agbẹ̀bí tí ó gbẹ̀bí Rit. Ìwé yìí kò dárúkọ ọmọ, ṣùgbọ́n ó sọ ọdún.

Ẹlẹ́rìí kejì ni ìwé ìròyìn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1849, Minty àti àwọn arákùnrin rẹ̀ méjì, Ben àti Henry, sá lọ. Edward Brodess ti kú ní oṣù kẹta ọdún náà, ẹ̀rù sì ń ba àwọn ẹrú rẹ̀ pé opó rẹ̀, Eliza, yóò tà wọ́n láti fi san gbèsè. Eliza fi ìkéde síta ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá. Ó sọ bí ìrísí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti rí, ó sì ṣe ìlérí 100 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan bí a bá mú wọn lẹ́yìn òde ìpínlẹ̀ náà. Ó ní Minty ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, pé ó dára lójú, àti pé ó tó ẹni ọdún 27. Ní ọdún 2003 ni a tún rí ẹ̀dà ìkéde yìí ní Dorchester. Ẹ yọ 27 kúrò nínú 1849. 1822 ni yóò kù, ọdún tí a san owó agbẹ̀bí gan-an. Ìwé méjì tí ẹnikẹ́ni kò kọ nítorí ìtàn, tí ọ̀kan kò mọ̀ nípa èkejì, ni wọ́n jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ kan náà. Báyìí ni a ṣe ń mọ òtítọ́.

Àwọn arákùnrin náà bẹ̀rù, wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú arábìnrin wọn. Láìpẹ́, Minty tún sá lọ ní òun nìkan, kò sì padà bí ẹrú mọ́.

Kí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ títà náà bà wọ́n lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀? Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn rí. Edward Brodess ti ta Linah, Mariah Ritty àti Soph, ìdílé wọn kò sì rí wọn mọ́. Nígbà tí oníṣòwò kan láti Georgia wá ra Moses, àbíkẹ́yìn, Rit fi ọmọ náà pamọ́ fún nǹkan bí oṣù kan. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó sọ pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wọlé, òun yóò la orí rẹ̀. Wọ́n padà lẹ́yìn rẹ̀, a kò sì ta Moses. Harriet mọ ìtàn yìí, kò sì gbàgbé rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí gbèdéke inú ìwé ìpíngún. Ìwé yìí ni ó fi hàn pé ìwádìí ìdílé kì í ṣe eré ọwọ́. Harriet ti gbọ́ láàárín àwọn ará ilé rẹ̀ pé olówó àkọ́kọ́ ti sọ ohun kan nípa òmìnira ìyá òun. Ní nǹkan bí ọdún 1845, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹrú, ó mú dọ́là márùn-ún nínú owó tí ó fi làágùn kó jọ, ó sì fi bẹ agbẹjọ́rò kan lọ́wẹ̀ pé kí ó bá òun wá ìwé náà. Agbẹjọ́rò wo ìwé àtijọ́ títí, kò rí i, ó sì fẹ́ dáwọ́ dúró. Harriet ní kí ó tún wo ẹ̀yìn sí i. Ó wò ó, ó sì rí i. Ẹ ronú sí èyí: obìnrin tí kò mọ ìwé kà ni ó rán ẹni tí ó mọ̀wé lọ síbi tí òtítọ́ wà. Òun gan-an ni olùwádìí àkọ́kọ́ fún ìdílé ara rẹ̀.

Kí ni ìwé náà fi hàn? Rit ti pé ẹni ọdún 45 ní nǹkan bí ọdún 1830. Ó yẹ kí ó ti di òmìnira láti ìgbà náà, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá, ẹrú onígbèdéke ni wọ́n jẹ́, òfin Maryland kò sì gbà kí a ta irú ẹrú bẹ́ẹ̀ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwọn ará ilé Pattison náà rí gbèdéke yìí, wọ́n sì bá àwọn Brodess lọ sí ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe láti dá ẹrú sílẹ̀, bí kò ṣe láti gbà wọ́n fún ara wọn. Iná jó ilé ẹjọ́ Dorchester ní ọdún 1852, ìwé púpọ̀ sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó jóná. Ìwé ẹjọ́ tí àwọn olówó fi du ohun ìní láàárín ara wọn ni ó wá di ẹlẹ́rìí lòdì sí wọn lónìí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ìwé náà kò dá Rit sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni ó dá a sílẹ̀. Anthony Thompson ti sọ nínú ìwé ìpíngún tirẹ̀ pé kí a dá Ben Ross sílẹ̀ kí ó sì máa lo ilẹ̀ éékà mẹ́wàá títí ọjọ́ ikú rẹ̀; ní ọdún 1840 ni Ben di òmìnira. Ní 1855, ó san 20 dọ́là fún Eliza Brodess láti ra aya rẹ̀, obìnrin tí òfin ti yẹ kí ó dá sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ṣáájú.

Ẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí náà jẹ́ orísun ìtàn. Ní ọdún 1855, Harriet bá Benjamin Drew sọ̀rọ̀ ní Kánádà, Drew sì tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún kejì. Sarah Bradford tẹ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní 1869. Láti inú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni a ti gbọ́ nípa Kérésìmesì ọdún 1854, nígbà tí Harriet wá kó àwọn arákùnrin rẹ̀ mẹ́ta lọ. Wọ́n fara pamọ́ nítòsí ilé àwọn òbí wọn. Baba wọn gbé oúnjẹ wá fún wọn, ṣùgbọ́n ó fi aṣọ di ojú ara rẹ̀, kí ó lè sọ fún àwọn tí yóò wá bi í léèrè pé òun kò fi ojú òun rí àwọn ọmọ òun, kí ó má sì jẹ́ pé irọ́ ni òun pa. Ìyá wọn ti se oúnjẹ ọdún sílẹ̀, ó sì ń wo ọ̀nà. Wọ́n wò ó láti ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí, wọn kò lè ké sí i, kí igbe rẹ̀ má baà tú wọn fó. Kò sí ìwé olówó tí ó lè sọ irú ìtàn yìí fún wa.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a máa yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu wò pẹ̀lú. Bradford kọ ọ́ pé ìgbà 19 ni Harriet padà, àti pé 300 ènìyàn ni ó kó jáde. Nígbà tí àwọn òpìtàn òde òní, bí Kate Clifford Larson tí ìwé rẹ̀ jáde ní 2004, fi èyí wé àwọn ìwé ìgbà náà, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìgbà 13 àti 70 ènìyàn ni. Èyí kò dín iyì rẹ̀ kù rárá. Iyì tí ó dúró lórí òtítọ́ ni ó ń pẹ́.

Ilẹ̀ pàápàá máa ń jẹ́rìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, àwọn awalẹ̀pìtàn ìpínlẹ̀ Maryland kéde pé àwọn ti rí ibi tí ilé Ben Ross wà ní Dorchester. Wọ́n hú àfọ́kù àwo àtijọ́ níbẹ̀, wọ́n sì rí owó ẹyọ kan tí a rọ ní 1808. Ìwé ìpíngún Thompson ni ó júwe ibi tí ilẹ̀ éékà mẹ́wàá náà wà. Ìwé ni ó fọ̀nà han ọkọ́.

Ipasẹ̀ yìí dúró lọ́dọ̀ Modesty. Ní ìgbà èwe Harriet, wọ́n a máa sọ fún un pé ìran Ashanti ni, àwọn ènìyàn tí ilẹ̀ wọn wà ní Ghana lónìí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olùwádìí tòótọ́ a máa kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí a gbọ́, kì í kọ ọ́ bí ohun tí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Orúkọ tí àwọn òbí Modesty sọ ọ́ kí ó tó wọ ọkọ̀, inú ìwé ọjà kò gbà á.

Kí ni kí a rí kọ́ nínú gbogbo èyí? A kọ́ pé ẹlẹ́rìí kan kò tó, àti pé ìwé tí a kọ ní ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wá. A kọ́ pé orúkọ lè yí padà, kí ẹ̀jẹ̀ má yí padà. Lékè gbogbo rẹ̀, a kọ́ pé kì í ṣe nítorí fáàrí ni ènìyàn ṣe ń wá ìdílé rẹ̀. Harriet wá ti rẹ̀ nítorí pé òmìnira ìyá rẹ̀ wà nínú ìwé kan tí a fi pamọ́. Nígbà tí ìwé náà kò sì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ fúnra rẹ̀ ní ọdún 1857, ó sì kó baba àti ìyá rẹ̀ tí wọ́n ti darúgbó jáde kúrò ní Maryland. Linah, Mariah Ritty àti Soph kò sí níbẹ̀ láti bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n tọpasẹ̀ ìdílé yìí ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn ará ilé wọn, ẹnikẹ́ni kò sì tún lè kà wọ́n mọ́ ẹrù.